Fóòmù tó ń pa iná pẹtiróòlù, ṣó lè pa iná ethanol?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bá kẹ́míkà ṣiṣẹ́ ló gbà pé fóòmù ni fóòmù ń jẹ́, nǹkan olómi yòówù tó bá ti gbiná, kéèyàn ṣáà ti fọ́n ọn sí i. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o, ó sì ń ká mi lára, torí ẹni tó gba èyí gbọ́ lè dúró síwájú iná kó máa retí ohun tí ò ní ṣẹlẹ̀.

Ẹ wò ó, pẹtiróòlù àti omi kì í pò pọ̀. Fóòmù á tẹ́ sórí ẹ̀ bí aṣọ ìbora, oru ẹ̀ ò ní ráyè jáde, iná á kú. Àmọ́ ethanol (ìyẹn ohun tó ń pani nínú ọtí), methanol àti acetone, táwọn náà jẹ́ kẹ́míkà olómi tó ń gbiná, ń pò mọ́ omi, omi ló sì pọ̀ jù nínú fóòmù. Wọ́n ti fi dán wò lójú mi nínú páànù kan, bí fóòmù ṣe ń balẹ̀ ni ethanol ń fa omi inú ẹ̀ mu, ìfófòó yẹn ń bẹ́ ó ń rọlẹ̀, kò pẹ́ tí gbogbo funfun yẹn fi dàwátì tí iná sì ń jó lọ ní tiẹ̀.

Fóòmù tí wọ́n kọ AR sí lára lẹ máa wá (alcohol-resistant, ìyẹn ni pé irú kẹ́míkà bí ethanol ò lè tètè bà á jẹ́), irú bíi AR-AFFF. Nǹkan tó máa ń ki bíi xanthan gum wà nínú ẹ̀, tí ethanol bá ti ń fa omi ẹ̀, nǹkan yẹn á di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín kẹ́míkà àti fóòmù, awọ yẹn ni ò ní jẹ́ kí fóòmù òkè bà jẹ́. Ẹ má wá fi agbára fọ́n ọn wọnú kẹ́míkà o, ẹ jẹ́ kó gba ara táńkì ṣàn wálẹ̀ wẹ́rẹ́.

Àwọn míì á ní ṣebí ó ń pò mọ́ omi, ká kúkú bomi là á. Ethanol tó ku 40% péré ṣì lè gbiná ní nǹkan bíi 26°C, kómi tó là á débi tó máa kú, abọ́ á ti kún, iná á ti ṣàn dé ilẹ̀.

Tí iná bá kéré, páúdà tàbí gáàsì CO2 á pa á, àmọ́ wọn ò bo nǹkan kan, tí ibẹ̀ bá ṣì gbóná ó lè tún ràn. Methanol ló burú jù, tí oòrùn bá ràn ojú lè má rí ọwọ́ iná ẹ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ orí ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn.