Bí Ìgbẹ́ Màlúù Ṣe Di Iná Ìdáná ní Íńdíà

Ọ̀dọ̀ Alessandro Volta ni àwọn tó ń pìtàn báyógáàsì, ìyẹn gáàsì tó ń jáde lára ohun tó bá ń jẹrà, sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 1776 ni ará Ítálì yìí fi igi ro ẹrẹ̀ etí adágún Maggiore, afẹ́fẹ́ ń hó jáde, ó gbà á sínú ìgò, ó ṣáná sí i, ló bá gbiná. Ó dáa. Àmọ́ iná inú ìgò kò lè se oúnjẹ. Èmi á kúkú bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti rí ìdérí tó lè tọ́jú gáàsì náà fún ìdáná.

Ní àwọn abúlé ibẹ̀, ìgbẹ́ màlúù ni igi ìdáná ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn obìnrin á po ó mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n á sù ú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, á sì gbẹ tòun ti àpá ìka wọn. Tí wọ́n bá fi dáná, èéfín rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wọn lójú. Ìyẹn gan-an ṣì kéré: ìgbẹ́ tó ti jóná kò lè ṣe ajílẹ̀ mọ́. Ìkórè ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fi dáná yẹn.

Tí wọ́n bá wá bu ìgbẹ́ kan náà sínú kòtò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ ẹ́, gáàsì á sì máa jáde. Ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ methane, tó ń jó láìrú èéfín. Ẹrọ̀fọ̀ tó bá ṣẹ́kù ṣì dára fún oko.

Ní 1897, ilé àwọn adẹ́tẹ̀ ní Matunga, ní Bombay, ti ń lo gáàsì inú ihò ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ní 1939, S. V. Desai dán ti ìgbẹ́ màlúù wò nílé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tó kù ni ibi tí gáàsì náà máa dúró sí títí ọwọ́ á fi kan ìdáná.

Jashbhai Patel ló wá nǹkan ṣe sí i ní àwọn ọdún 1950. Kànga oníbíríkì ni, wọ́n á da ìgbẹ́ àti omi tí wọ́n pò sínú rẹ̀, wọ́n á wá da dúrọ́ọ̀mù irin ńlá dé e lórí. Bí gáàsì bá ṣe ń pọ̀, dúrọ́ọ̀mù á máa gòkè. Bí wọ́n bá ń dáná, á máa wálẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á sì máa ti gáàsì gba inú páìpù lọ sí ilé ìdáná. Obìnrin tó bá bojú wẹ̀yìnkùlé ti mọ iye tó kù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Khadi and Village Industries Commission gbé e káàkiri. Àjọ aṣọ òwú àti iṣẹ́ ọwọ́ abúlé ló di àjọ gáàsì! Ṣùgbọ́n irin wọ́n, ó sì ń dípẹtà. Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì mọ ìdérí tiwọn mọ́ inú ilẹ̀, bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Íńdíà náà mú irú rẹ̀ jáde: Janata ní 1978, lẹ́yìn náà Deenbandhu ní 1984, tó dínwó. Ìjọba sì ń fi owó ràn àwọn tó bá fẹ́ kọ́ ọ.

Deenbandhu túmọ̀ sí ọ̀rẹ́ tálákà. Ẹni tí kò bá sì ní tó màlúù méjì sí mẹ́ta kò lè bọ́ ọ yó. Ìgbẹ́ tí aláìní ti ń ṣà lọ́fẹ̀ẹ́ lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí olówó màlúù ń kó pamọ́.