Ètò àtilẹ̀wá lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré

Ètò àtilẹ̀wá ni ètò tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà, tàbí ẹni tó tún un ṣe fún títà, ti gbé sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ọ̀rọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lára. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré, tí mẹ́mórì rẹ̀ kò tó nǹkan, tí àyè ìpamọ́ rẹ̀ sì há, ètò kan tó bá wọlé ti gba àyè mọ́ òmíràn lọ́wọ́. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ èdè tún wọ̀ ọ́: Faransé ni èdè ìjọba, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ nílé àti lọ́jà.

Ọdún 2007 ni irú ẹ̀rọ yìí gbòde, nígbà tí Asus ti Táíwàn gbé Eee PC 701 jáde. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7, mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 512, àyè ìpamọ́ èyí tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 4. Xandros, ẹ̀yà Linux kan (Linux ni ètò ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà), ni wọ́n fi sí i, pẹ̀lú Firefox tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, OpenOffice.org tí a fi ń kọ̀wé àti Skype tí a fi ń pe ènìyàn. Wọ́n to àwòrán ńláńlá sábẹ́ orí bíi Íńtánẹ́ẹ̀tì, Iṣẹ́, Ẹ̀kọ́ àti Eré, tí ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí fi lè rí ọ̀nà lọ. Àléébù ibẹ̀ ni pé wọ́n ti apá tí ètò àtilẹ̀wá wà pa, kíkà nìkan ló ṣeé kà. Bí olówó ẹ̀rọ bá yọ ètò kan kúrò, ojú rẹ̀ nìkan ló kúrò. Àyè rẹ̀ kò padà. Bí ó bá gbé Firefox tuntun wọlé, tuntun á jókòó sí àyè díẹ̀ tó ṣẹ́kù, ti àtijọ́ kò sì ní kúrò níbi tó wà. Ohun tí wọ́n pinnu ní ilé-iṣẹ́ di tọ̀ràn-anyàn fún ẹni tó rà á, àfi bí ó bá nu gbogbo rẹ̀ dànù.

Microsoft, tó ti fẹ́ dáwọ́ títa Windows XP, ètò ìpìlẹ̀ tirẹ̀, dúró ní 2008, yọ̀ǹda XP Home fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké títí di 2010. Windows 7 Starter tẹ̀ lé e, èyí tí kò jẹ́ kí ènìyàn pààrọ̀ àwòrán ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ pàápàá. Ní 2011, Chromebook àkọ́kọ́ ti Samsung àti Acer fi Chrome, aṣàwákiri tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe gbogbo iṣẹ́. Ìyẹn dára níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í já. Fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, ìnáwó ojoojúmọ́ ni.

Owó pẹ̀lú máa ń darí ìpinnu lórí ètò tí wọ́n ń gbé sínú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ta ètò agbógunti kòkòrò kọ̀ǹpútà máa ń sanwó kí wọ́n lè bá ẹ̀rọ tuntun jáde, fún ìdánwò ọjọ́ díẹ̀. Láàárín 2014 sí 2015, Lenovo ta àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Superfish wà nínú wọn, ètò ìpolówó ọjà tó ń dá sí ìsopọ̀ tó yẹ kó wà lábẹ́ ààbò. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú wọn ní 2017.

Ní Benin, kíbọ́ọ̀dù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Kíbọ́ọ̀dù Faransé, AZERTY, ní é, è àti à, kò ní ẹ tàbí ọ. Ìkọsílẹ̀ tí ìjọba Benin fọwọ́ sí fún àwọn èdè ìbílẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ, ó sì ń kọ ṣ ní sh. Ọmọ Kétu tó kọ «ɔmɔ» nílé-ìwé lè ní ẹ̀gbọ́n tó ń kọ «ọmọ» bíi ti Nàìjíríà, ẹ̀rọ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń lò. Linux ti ní ìtò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti Nàìjíríà, ó sì ní ìtò kíbọ́ọ̀dù ti Gánà tó ní ɛ àti ɔ. Wọn kò gba àyè kankan tó yẹ ká sọ, nítorí náà kò sí ìdí láti fi wọ́n sílẹ̀ láìtàn. Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà lójú ẹ̀rọ, ṣe kókó pẹ̀lú. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, kò ní àmì kan ṣoṣo fún ọ́. Ọ ni a ń gbé àmì ohùn lé lórí, fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n gbé sì máa ń sọ àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Noto Sans àti Charis SIL ń gbé e dáadáa. A lè yọ fọ́ǹtì Ṣáínà àti Japan, tó wúwo gan-an, láti fi wá àyè fún wọn.

Kiwix, tó ń jẹ́ kí a ka Wikipedia láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, wúlò púpọ̀. Wikipedia Faransé pẹ̀lú àwòrán ju gígábáìtì 30 lọ, nítorí náà orí káàdì ìpamọ́ ló yẹ ẹ́. Ti Yorùbá kéré tó láti wà nínú ẹ̀rọ gan-an. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́, ní ojú Faransé àti ìwé atúmọ̀ fún àyẹ̀wò àkọtọ́, ó sì lè gba iṣẹ́ padà nígbà tí bátìrì bá tán lójijì.

Windows 11 ń béèrè mẹ́mórì gígábáìtì 4 àti àyè gígábáìtì 64, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré kò ní ju 32 lọ. Ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 sì dópin ní oṣù October 2025. Èyí ló mú kí àwọn tó ń tún tòkúnbọ̀ ṣe máa wo àwọn ẹ̀yà Linux bíi Lubuntu, tàbí Emmabuntüs, tí àwọn kan ní ilẹ̀ Faransé ṣe ní pàtàkì fún kọ̀ǹpútà tí a tún ṣe.