AI ń kọ kóòdù, ta ni yóò tà á? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń dá startup sílẹ̀ ní Àkúrẹ́

Ìròyìn méjì ló forí gbárí tó ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú. Láti ìparí ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ mínísítà Bosun Tijani, ti gbé ètò 3MTT dìde láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Sundar Pichai tó jẹ́ ọ̀gá Google sọ pé AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) ló ń kọ ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin kóòdù tuntun wọn, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2025, Garry Tan ti Y Combinator, ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó ran startup (ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun) lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, ní, nínú ọ̀wọ́ startup tó wà lọ́dọ̀ àwọn nígbà náà, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ pé AI kọ ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún kóòdù wọn. Ẹni tó bá ka méjèèjì pọ̀ á fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti gbà ṣe ni wọ́n tún ń kó ọmọ lọ kọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè láti yunifásítì FUTA dé àdúgbò Alágbàká rèé.

Ṣé kóòdù kíkọ ti di òfo ni?

Rárá. Pichai fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ẹnjiníà ló ń yẹ kóòdù náà wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. 

Kí wá ló dé tí gbogbo èèyàn ń sọ pé oníṣòwò ló kù tí startup ń wá?

Nítorí pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ áàpù ti di ohun tó rọrùn láti ṣe. Ohun tí kò rọrùn ni ká mọ ohun tó yẹ ká ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú áàpù kan fún àwọn tó ń ra kòkó ní Ìdànrè. Ẹni tó ń kọ kóòdù á jókòó sí yàrá rẹ̀ nítòsí North Gate FUTA, á ṣe ojú-ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó ń béèrè ímeèlì, á fi iye owó kílò kan lọ́po iye kílò, ó tán. Ó rẹwà lójú, àmọ́ kò wúlò lórí ìwọ̀n. Kòkó tó gbẹ dáadáa kì í ní ju nǹkan bí 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún omi lọ. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń rà á á yọ kílò kúrò. Níbo ni áàpù yẹn fi ààyè ìyọkúrò sí? Àgbẹ̀ mìíràn ti gba owó àsansílẹ̀ kí kòkó tó pọ́n, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ jáde nínú ìṣirò. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ímeèlì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í dé oko. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ á mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. AI kò lè mọ̀ ọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún oníṣòwò o. Ká ní áàpù náà tà, ẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń lò ó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fà, aṣojú tó ń ra kòkó tẹ “sanwó” lẹ́ẹ̀mejì, owó sì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Kóòdù tí ẹ̀rọ kọ, tó ṣiṣẹ́ dáadáa fún èèyàn mẹ́wàá, kò ronú sí èyí. Ó yẹ kí ìbéèrè ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí a kì í lò lẹ́ẹ̀mejì, kí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù náà, lè mọ̀ pé èyí tó tún dé yìí, ti ìṣáájú náà ni. Oníṣòwò kò lè fi ẹnu dídùn tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹni tó ṣe pàtàkì jù láàárín oníṣòwò àti ẹni tó ń kọ kóòdù kì í dúró sójú kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó mọ oníbàárà ló ṣọ̀wọ́n. Bí èrò bá ti ń pọ̀, ẹni tó lè mú ẹ̀rọ dúró ló ṣọ̀wọ́n. Startup tó bá fi bí nǹkan ṣe rí lóṣù kẹta pín agbára lóṣù kẹrìndínlógójì, wàhálà ló ń wá.

Bí àwa méjèèjì bá mọ kóòdù ńkọ́?

Kò burú. Shola Akinlade àti Ezra Olubi tí wọ́n dá Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí ẹ̀rọ, sílẹ̀, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì kà. Stripe, ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan náà ní Amẹ́ríkà, ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2020. Odunayo Eweniyi kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Covenant, síbẹ̀ iṣẹ́ àbójútó ilé-iṣẹ́ ló gbé dání ní PiggyVest, áàpù ìfowópamọ́. Google, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, gba Eric Schmidt wọlé ní 2001 láti wá ṣe ọ̀gá; Larry Page tún gba ipò náà padà ní 2011. Ìwé ẹ̀rí kọ́ ló ń ṣe òwò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi kóòdù sílẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa bá oníbàárà àti báńkì sọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń dúró de ara wọn, kò sí ẹni tó máa ṣe é.

Èmi ni mo ní èrò, ọ̀rẹ́ mi ló kọ kóòdù. Báwo la ó ṣe pín in?

Ìjà tó pọ̀ jù níbí ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ “business name” lásán, kò ní ìpín (shares) kankan tí ẹnikẹ́ni lè pín. Kọ́ńpínì aládàáni, ìyẹn Ltd, ló ní ìpín. Òfin CAMA 2020, tó ń darí ilé-iṣẹ́, gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀, owó ìpín rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ₦100,000. Òfin Startup ti 2022 náà, kọ́ńpínì Ltd tí kò tíì ju ọdún 10 lọ ló ń fún ní ìwé àmì (startup label, ẹ̀rí ìjọba pé startup ni), ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta ìpín sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Oníforúkọ òwò lásán lè gba àmì onígbà díẹ̀ fún oṣù 6, kó fi sọ ara rẹ̀ di Ltd.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìpín rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe káàkiri ni kí ìpín máa wọlé fún ọdún 4, kí ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ìdánwò. Ká ní kọ́ńpínì ní ìpín 1,000,000, ẹ sì gbà láti fún ẹni tó ń kọ kóòdù ní 400,000. Bó bá lọ lóṣù kẹsàn-án, kò mú nǹkan kan. Bó bá lọ lẹ́yìn oṣù 18, ìpín 150,000 ni tirẹ̀, nítorí 18 nínú oṣù 48 ló ṣe. Kí òfin yìí mú ẹni tó ní èrò náà pẹ̀lú, kì í ṣe ẹnìkejì nìkan. Èrò tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì rà, kò tíì tó ohun tí à ń pín.

Ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ́ńpínì ló ni kóòdù. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, pé ẹ san owó fún un kò sọ kóòdù di tiyín lójú òfin. Àfi ìwé tó fọwọ́ sí. Owó lọ́yà fún ìwé méjì yìí kéré sí owó lọ́yà lẹ́yìn ìjà.

Ta ló yẹ kó jẹ́ ọ̀gá?

Ẹni tí oníbàárà tó ń bínú lè pè láago mẹ́jọ àárọ̀, tí yóò sì gbé fóònù.

Oníṣòwò wa máa ń ṣèlérí ohun tí a kò tíì kọ. Kí la ó ṣe fún un?

Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: ohun tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, ohun tó ń bọ̀ láàárín ọjọ́ 30, ohun tí a kò tíì pinnu. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló lè tà láìbéèrè. Fún ti ìkejì, ẹni tó ń kọ kóòdù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ tó máa parí. Ìkẹta, kó pa ẹnu mọ́. Bí oníbàárà kan bá ń fẹ́ nǹkan tí ẹlòmíràn kò ní lò, ẹ gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, torí kóòdù yẹn á máa bàjẹ́ lọ́dọọdún.

Ẹni tó ń kọ kóòdù náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀: “ẹ jẹ́ ká tún gbogbo rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀.” Ẹ bi í léèrè oníbàárà wo ló máa sanwó nítorí rẹ̀.

Ìṣirò wo ni kò yẹ kó ṣàjèjì sí ẹni tó ń kọ kóòdù?

Iye tó ń kù lọ́wọ́. Paystack ń gba 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti ₦100 lórí owó tó bá ti ilẹ̀ wa wá, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ₦100 yẹn bí owó kò bá tó ₦2,500. Bí ẹ bá ta ọjà ní ₦2,400, wọ́n á yọ ₦36, ₦2,364 á kù. Bí ẹ bá tà á ní ₦2,500, wọ́n á yọ ₦137.50, ₦2,362.50 á kù. Ẹ gbé owó lé ọjà, èrè yín sì rẹlẹ̀ sí i. Ẹ máa wo iye tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó fi owó lé ọjà, torí ó lè yí padà.

Èkejì ni dọ́là. Naira lẹ ń gbà, dọ́là ni server ń jẹ. Kí naira tó já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦480 lójú ìjọba. Ní 2024 ó kọjá ₦1,500. Server $20 lóṣù tó ń jẹ nǹkan bí ₦9,600 wá ń jẹ ₦30,000, láìfi oníbàárà kan kún un. Ẹni tó ń kọ kóòdù ló lè dín server kù, oníṣòwò ló lè fi owó kún ọjà. Kí àwọn méjèèjì jókòó ti ìwé yẹn lóṣooṣù.

Oníṣòwò ńkọ́, kí ló yẹ kó mọ̀ nínú kóòdù?

Kò nílò láti kọ ọ́. Ó yẹ kó lè dán an wò. Ẹ ṣí risíìtì yín lórí áàpù tiyín, ẹ wo nọ́ńbà tó parí àdírẹ́sì ìkànnì rẹ̀ (link), ẹ yí i sí nọ́ńbà mìíràn. Bí risíìtì ẹlòmíràn bá jáde, ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nínú kóòdù tí AI sáré kọ. Lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023, bí dátà èèyàn bá tú síta tó sì lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń rí sí òfin náà, létí.

Kó tún béèrè ìgbà tí wọ́n dá ẹ̀dà ìpamọ́ (backup) padà gbẹ̀yìn láti fi dán an wò. Ẹ̀dà tí a kò dá padà rí, ìrètí lásán ni.

Níbo la ti máa rí ẹnìkejì ní Àkúrẹ́?

Àwọn tó ń kọ kóòdù pọ̀ ní FUTA. Ẹ má wá oníṣòwò láàárín àwọn tó gba oyè òwò nìkan. Ẹni tó ń ta fóònù ní Ọjà Ọba, tó sì ń kọ gbèsè sílẹ̀ lójoojúmọ́, lè dáa jù wọ́n lọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì dán ara yín wò kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ ìpín: kí oníṣòwò gba owó lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, kí ẹnìkejì fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. “Màá rà á bó bá jáde” kì í ṣe owó.

Ọmọ mi wà nínú 3MTT. Ṣé kí n ní kó fi í sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀, kó sì wá nǹkan kan tà pẹ̀lú. Kóòdù nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń darí ọjà orí ẹ̀rọ wà lára rẹ̀.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù jù?

Kí gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí onítọ̀hún sì já pa. Orúkọ ìkànnì (domain) tó wà ní ímeèlì rẹ̀, GitHub (ibi tí a ń kó kóòdù pamọ́ sí) tó jẹ́ tirẹ̀, OTP báńkì tó ń lọ sí síìmù rẹ̀. Ẹ ṣí GitHub ní orúkọ kọ́ńpínì, kí èèyàn méjì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Kí àkáǹtì báńkì gba ìfọwọ́sí méjì. Kí orúkọ ìkànnì wà lórí ímeèlì tí kì í ṣe ti ẹnì kan, kí ẹ sì san owó rẹ̀ ti ọdún méjì sílẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí tiyín máa parí lónìí, torí bó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, iye tó bá wù ú ló máa tà á padà fún yín.