Kí ni Varalakshmi Vratam?

Varalakshmi Vratam ni ọjọ́ tí àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Híńdù, pàápàá àwọn tó wà nílé ọkọ, fi ń bọ Lakshmi, òrìṣà obìnrin tó ni ọrọ̀, ní Karnataka, Andhra Pradesh, Telangana àti Tamil Nadu ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Èdè Sanskrit ló ni orúkọ náà. "Vara" ni ire tí òrìṣà fi ta ẹni tó bẹ̀ ẹ́ lọ́rẹ. "Vratam" ni ẹ̀jẹ́ tí ààwẹ̀ ń bá rìn. Bí a bá wá pè é ní ọdún lásán, a ò tíì sọ ọ́ tán, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹnu kan oúnjẹ títí ìsìn yóò fi parí.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú òṣùpá àrànmọ́jú inú Shravana, ọ̀kan lára àwọn oṣù kàlẹ́ńdà Híńdù, ni wọ́n ń ṣe é. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kan náà ni.

Ohun tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ bọ ni kalasha, ìyẹn ìkòkò idẹ tàbí ti fàdákà tí wọ́n bu ìrẹsì tàbí omi sí, tí wọ́n sì ju ẹyọ owó sínú rẹ̀. Wọ́n á to ewé máńgòrò yí ẹnu rẹ̀ ká, wọ́n á fi atalẹ̀ pupa pa àgbọn lára títí yóò fi pọ́n rúsúrúsú, wọ́n á sì gbé e lé e lórí. Àwọn mìíràn á fi ojú òrìṣà tí a fi fàdákà ṣe kọ́ àgbọn náà, wọ́n á wé sárì, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin Íńdíà máa ń wọ̀, mọ́ ìkòkò, wọ́n á fi ẹ̀gbà sí i lọ́rùn, àfi bí ẹni pé ìyàwó tuntun ló jókòó síbẹ̀.

Ire owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń tọrọ. Ìrísí mẹ́jọ ni Lakshmi ní, lára wọn ni ti oúnjẹ, ti ọmọ, ti ìgboyà àti ti ìmọ̀, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bọ ọ́ lọ́jọ́ yìí ti bọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ìtàn Charumati, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan ní ìlú Kundina, ni wọ́n máa ń kà. Lakshmi fara hàn án lójú àlá, ó ní kó bọ òun. Charumati rọ́ àlá náà fún ọkọ àti àwọn àna rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n ti ń yí òrìṣà ká, ẹ̀gbà ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn, ó ń yọ lọ́wọ́ wọn, títí ohun ọ̀ṣọ́ fi bò wọ́n. Ẹ kíyè sí i pé Charumati nìkan kọ́ ló rí ire náà gbà. Títí di òní, onílé a máa pe àwọn obìnrin wá, a sì fi ewé betel, atalẹ̀ pupa àti ẹ̀tù pupa kumkum sìn wọ́n sọ́nà. Òwú tí wọ́n fi atalẹ̀ pupa rẹ, tó ní kókó mẹ́sàn-án, ni wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tú kalasha: bó bá jẹ́ omi, wọ́n á fi wọ́n ilé káàkiri, bó bá jẹ́ ìrẹsì, wọ́n á sè é jẹ.