Ọsán àti Igi Ọrun: Ìdí Tí sin x/x Fi Ń Lọ sí 1

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kalikúlọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo bí iye ṣe ń yí padà, kì í pẹ́ bá ìbéèrè yìí pàdé: kí ni sin x/x (ìyẹn sine igun x tí a fi x pín) ń lọ dà bí x ṣe ń sún mọ́ òdo? Ó fi òdo sí ipò x, ó rí òdo lókè, ó tún rí òdo nísàlẹ̀. Àwọn kan á kọ òdo sílẹ̀. Àwọn mìíràn á kọ 1, wọ́n á ní ohun tí a bá fi ara rẹ̀ pín, ẹyọ kan ló ń kù. Àwọn wọ̀nyí gba máàkì, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n sọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: sin 5x/x náà di òdo lókè, òdo nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ 5 ni tirẹ̀ ń lọ dà.

Òdo lórí òdo kì í ṣe èsì. Ṣe ló ń sọ fún wa pé ká má tíì wọlé, ká dúró lẹ́nu ọ̀nà, ká wo ibi tí iye náà forí lé. Ohun tí límítì jẹ́ nìyẹn. Bí x bá jẹ́ 0.5, sin x/x jẹ́ 0.9589. Bí x bá jẹ́ 0.1, ó di 0.9983. Ní 0.01, ó ti di 0.99998.

Nọ́ńbà fi ibi tó ń lọ hàn wá, kò sọ ìdí. Ìdí náà wà lára ọrun ọdẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni orúkọ "sine" ti wá. Ní Íńdíà àtijọ́, jyā, ìyẹn ọsán ọrun, ni wọ́n ń pe okùn tó bá so ibi méjì pọ̀ létí òbìrìkìtì. Aryabhata, onímọ̀ ìṣirò kan níbẹ̀, ti ń fi ìdajì okùn yìí ṣe ìṣirò ní nǹkan bí ọdún 499. Àwọn Lárúbáwá gba ọ̀rọ̀ náà, àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìnì ṣì í kà, wọ́n sì kọ sinus, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ó dùn mọ́ mi pé ọ̀rọ̀ tó ṣe wẹ́kú ti wà lẹ́nu àwa Yorùbá: ọsán.

Ẹ ya òbìrìkìtì kan tí àárín rẹ̀ sí etí rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ mú apá kan etí rẹ̀ tí igun rẹ̀ ní àárín jẹ́ 2x. Apá tó tẹ̀ yẹn ni igi ọrun, gígùn rẹ̀ jẹ́ 2x. Okùn tó so orí rẹ̀ méjèèjì ni ọsán, gígùn tirẹ̀ jẹ́ 2 sin x. Ẹ fi gígùn igi pín gígùn ọsán: 2 á lọ, sin x/x á kù. Nígbà tí ọrun bá tẹ̀ púpọ̀, igi gùn ju ọsán lọ dáadáa. Bí igun ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni igi ń nà, tí ọsán ń lẹ̀ mọ́ ọn, títí gígùn wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn àgbà ní bí ọsán bá já, ọrun a dọ̀pá. Níbí, ọrun ń dọ̀pá láìjẹ́ pé ọsán já.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó dúró sán-ún á fi bí ègé òbìrìkìtì kan ṣe fẹ̀ tó wé onígun mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ àti èyí tó bò ó. Yóò rí i pé, nígbà tí x bá kéré, sin x/x wà láàárín cos x (cosine igun náà) àti 1. Cos x fúnra rẹ̀ ń lọ sí 1. Ẹni tí wọ́n fún mọ́ àárín èrò méjì tó ń lọ Ìbàdàn, Ìbàdàn lòun náà ń lọ.

Gbogbo èyí dúró lórí pé rédíánì, kì í ṣe dígírì, la fi wọn igun, torí rédíánì nìkan ló mú kí gígùn igi jẹ́ iye igun náà gan-an. Bí kalikulétọ̀ yín bá wà lórí dígírì, sin 0.01 tí ẹ fi 0.01 pín á fún yín ní 0.01745, ìyẹn π/180. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Èyí tó kù rọrùn. Sin 5x/x jẹ́ 5 lọ́nà sin 5x/5x, nítorí náà 5 ni. Fún (1 − cos x)/x, ẹ fi 1 + cos x sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀. Òkè á di sin²x, gbogbo rẹ̀ á sì lọ sí òdo. Bí ó bá jẹ́ x² ló wà nísàlẹ̀, ìdajì ni.

Ọ̀pọ̀ máa ń sáré lo òfin L'Hôpital fún sin x/x, ìyẹn òfin tó ní bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá di òdo, ká ṣe ìyàtọ̀ (differentiate) ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ká tó wá límítì. Mi ò fara mọ́ ọn. Òfin yẹn nílò kí a ti mọ̀ pé cos x ni a ń rí bí a bá ṣe ìyàtọ̀ sin x, bẹ́ẹ̀ límítì yìí gan-an la fi mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó mú onígbọ̀wọ́ wá, tó ní òun fúnra òun ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní límítì. Sin(1/x) ń fò láti −1 sí 1 láìsinmi bí x ṣe ń sún mọ́ òdo, kò forí lé ibì kankan. Ẹ fi x sọ ọ́ di púpọ̀, yóò há sáàárín −|x| àti |x|, àwọn méjèèjì á sì fà á wálẹ̀ sí òdo.