Bí Àwòrán Yíyà Ṣe Di Òwò Obìnrin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìtàn Mary Beale

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìyàwó ọlọ́lá lè máa ya àwòrán nínú ilé láti fi najú, ṣùgbọ́n kí obìnrin máa gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, kí ó sì máa fi owó náà bọ́ ọkọ àti ọmọ, kò wọ́pọ̀ rárá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Joan Carlile ti gbìyànjú rẹ̀ ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1654. Ẹni tí ó wá mú un fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni Mary Beale, ọmọ àlùfáà John Cradock, tí wọ́n bí ní abúlé Barrow ní Suffolk ní ọdún 1633.

Ní ọdún 1652 ni ó di aya Charles Beale, tí ó padà rí iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ọ̀hún bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, àjàkálẹ̀-àrùn ọdún 1665 sì wọ̀lú, ni wọ́n bá kó lọ sí Allbrook ní Hampshire. Nígbà tí wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1670, àdúgbò Pall Mall ni wọ́n gba ilé sí, ọwọ́ Mary ni gbogbo ilé sì ń wò.

Ilé náà di ilé iṣẹ́. Charles ni ó ń po ọ̀dà, òun ni ó ń ra aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ ń ya àwòrán sí, àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì sì ń bá ìyá wọn kun ẹ̀wù àwọn tó wà nínú àwòrán. Aṣọ gidi tí wọ́n ń ya àwòrán sí wọ́n, nítorí náà wọ́n dán aṣọ tìmùtìmù wò, wọ́n tilẹ̀ dán àpò àlùbọ́sà wò. Pọ́n-ùn márùn-ún ni àwòrán orí àti èjìká, pọ́n-ùn mẹ́wàá ni èyí tó dé ìdí. Ní ọdún 1677 nìkan, iṣẹ́ 83 ni wọ́n gbé wá fún un, owó tó wọlé sì jẹ́ £429, wọ́n sì ń yọ ìdámẹ́wàá owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní.

Charles ni ó jẹ́ kí a mọ gbogbo èyí, nítorí kò fi ohunkóhun sílẹ̀ láìkọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: iye ọ̀dà, ẹni tó wá jókòó, ẹni tó jẹ gbèsè. Nínú ìwé yẹn kan náà ni ó ti ń pe ìyàwó rẹ̀ ní ẹni ọ̀wọ́n ọkàn òun. Lójú tèmi, ìyìn tọ́ sí ọkùnrin yìí ju èyí tí wọ́n ń fún un lọ, nítorí ní ayé ìgbà náà, kò rọrùn kí ọkọ di ọmọṣẹ́ aya rẹ̀ ní gbangba.

Peter Lely, ayàwòrán ọba, fẹ́ràn iṣẹ́ Mary, ó sì ń gbà kí ó wo òun bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ikú Lely ní ọdún 1680, oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ṣùgbọ́n Mary kò gbé iṣẹ́ sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1699. Kí ó tó kú, ó ti kọ́ Sarah Curtis níṣẹ́, òun náà sì ń ya àwòrán gbowó ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó di aya Benjamin Hoadly, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà.