Aṣọ Ìbora Alábùlẹ̀ Tí A Fi Ọwọ́ Rán: Ibi Tó Ti Le

Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí iṣẹ́ kún ọwọ́ àwọn télọ̀ tó yí ọjà Akẹ̀sán ká ní Ọ̀yọ́, àgékù aṣọ a máa ga lábẹ́ máṣíìnì wọn: àǹkárá, àdìrẹ, òfì tó ṣẹ́kù lára bùbá. Dídanù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ, tàbí inú tìmùtìmù. Bẹ́ẹ̀ aṣọ ìbora tó lè kojú ọyẹ́ wà níbẹ̀. Orúkọ ló ń ba tirẹ̀ jẹ́: wọ́n bá ti pè é ní àbùlẹ̀, òṣì ló ń wá sọ́kàn èèyàn.

Ìpele mẹ́ta ni aṣọ náà. Àgékù tí a rán pọ̀ wà lókè, ẹ̀gbọ̀n òwú tàbí kúbùsù àtijọ́ wà láàárín, odindi aṣọ kan wà nísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já kí ó tó padà sókè.

Ṣùgbọ́n wàhálà ti dé kí abẹ́rẹ́ tó dé. Àǹkárá tuntun le gbagidi nítorí nǹkan tí wọ́n fi dì í, bí omi bá sì kàn án, ó lè súnkì. Bí òfì ṣe ń súnkì yàtọ̀ sí tirẹ̀. Tí a bá rán méjèèjì pọ̀ láìfọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ aṣọ ìbora náà ni ọ̀kan yóò fa èkejì, ojú rẹ̀ yóò wá hunjọ. Ti àdìrẹ tún burú sí i, aró rẹ̀ lè ṣàn sí ara aṣọ funfun. Aṣọ funfun tó tutù ni a fi ń dán an wò: a ó fi nù ún, bí aró bá lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun náà, ó di dandan kí a tún àdìrẹ fọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni ọ̀nà tí fọ́nrán aṣọ gbà. Bí a bá gé aṣọ tẹ̀lé fọ́nrán rẹ̀, etí rẹ̀ kì í yẹ̀. Bí a bá gé e láti igun kan sí igun kejì, ó ń nà bíi rọ́bà. Ibi ọrùn àti abẹ́ apá ni púpọ̀ nínú àgékù télọ̀ ti ń wá, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń gé e ní kọ́lọkọ̀lọ, nítorí náà etí tó ń nà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá gbọ́n á gé páálí sí íǹṣì 5 níbùú àti lóròó, á gbé e lé aṣọ kí etí rẹ̀ bá fọ́nrán mu, kó tó fi ṣọ́ọ̀kì fà á.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Ìdámẹ́rin íǹṣì ni ojú ìrán ń jẹ ní etí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà íǹṣì 5 yóò ku 4½. Bí ègé 12 bá wà lórí ìlà kan, ojú ìrán 11 ló wà láàárín wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ ìdámẹ́jọ íǹṣì ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí ojú kò tètè rí, ìlà náà yóò fi ju íǹṣì kan lọ kúrú sí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe máṣíìnì. Wíwọn lẹ́yìn ègé mẹ́ta mẹ́ta ló ń gbà á là.

Àwọn tó ń rán ẹ̀kú egúngún mọ irú iṣẹ́ yìí, ègé onígun mẹ́ta tí wọ́n ń tò sí etí aṣọ rẹ̀ kò kéré. Àmọ́ ẹ̀kú ní àǹfààní kan: gbígbé ni aṣọ rẹ̀ ń gbé kọ́, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹ. Bí ègé kan bá fi díẹ̀ yẹ̀, ta ni yóò rí i nígbà tí egúngún bá ń pòyì? Aṣọ ìbora ní tirẹ̀ ń sùn gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo àṣìṣe rẹ̀ hàn.

Nígbà tí a bá fẹ́ so ìpele mẹ́ta náà pọ̀, àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa bọ̀ síta. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí yóò rí ibi tó wú bí ikùn aláboyún láàárín. Abẹ́rẹ́ kúkúrú ló dára, òwú ìránṣọ kò sì gbọdọ̀ gùn ju láti ìgbúnwọ́ dé ọmọ ìka lọ, kó má baà lọ́ mọ́ra. Ọwọ́ tó ti mọ́ra lè rán ojú 8 sí 12 nínú íǹṣì kan. Ọwọ́ kejì wà nísàlẹ̀, òun ni abẹ́rẹ́ ń gún, irin tí a fi bọ ìka kì í sì í wà lára ìka ìsàlẹ̀ yẹn nítorí pé òun ló ń mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti já.

Bí ẹ̀gbọ̀n òwú lásán bá wà láàárín, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìlà ìrán jìnnà síra. Bí ó bá jìnnà, òwú náà yóò kó sí igun kan nígbà ìfọṣọ, kò sì sí bí a ṣe lè tò ó padà láìtú ohun tí a ti fi oṣù méjì rán.